Bí Ìfúnpá Bá Dára, Ṣé Ẹ̀jẹ̀ Ń Kárí?

Ní ọdún 1997, àwọn dókítà tó ń tọ́jú ọmọdé ní ilé ìwòsàn Guy's ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n fi dán ojú àti ọwọ́ ara wọn wò. Ọmọ mélòó kan ló wà níbẹ̀. Gbogbo wọn wà ní wọ́ọ̀dù ìtọ́jú àkànṣe, ẹ̀rọ ló sì ń bá wọn mí. Wọ́n ní kí àwọn tó ń tọ́jú àwọn ọmọ náà fara balẹ̀ yẹ wọ́n wò, kí wọ́n ka nọ́ńbà tó wà lójú ẹ̀rọ, kí wọ́n wá sọ bí ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ọmọ kọ̀ọ̀kan ń tú jáde ṣe pọ̀ tó: ṣé ó kéré ni, ṣé ó tó, àbí ó ga? Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n wá fi irinṣẹ́ wọn ẹ̀jẹ̀ náà gan-an. Ohun tí ènìyàn sọ àti ohun tí irinṣẹ́ sọ kò bára wọn tan.

Mi ò mú ọ̀rọ̀ yìí wá láti fi tàbùkù dókítà. Àwọn tó ṣe ìwádìí yìí kì í ṣe aláìbìkítà; ènìyàn tó bìkítà ló ń gbà kí wọ́n dán òun wò, tó sì tún tẹ èsì rẹ̀ jáde fún gbogbo ayé. Ohun tó ká mi lára ni pé bí ojú tó mọṣẹ́ báyìí, nílé ìwòsàn ńlá, tí ẹ̀rọ wà lọ́tùn-ún lósì, kò bá lè fi wíwò lásán mọ ohun tí ọkàn ọmọdé ń ṣe, a jẹ́ pé "ìfúnpá ẹ̀ dára, ẹ fọkàn balẹ̀" tí wọ́n máa ń sọ fún òbí lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù kò tíì tó. Ọ̀tọ̀ ni kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ dára, ọ̀tọ̀ ni kí ẹ̀jẹ̀ dé ibi tó yẹ kó dé. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí bá yà síra lára rẹ̀ wà nínú ewu, kódà bí ojú ẹ̀rọ kò bá pariwo.

Ẹ jẹ́ ká wo ọkàn ọmọdé fúnra rẹ̀. Ọmọ tuntun tó wọn kílò 3 kò ní ju nǹkan bí mílílítà 240 ẹ̀jẹ̀ lọ ní gbogbo ara. Ìgò mínírà kékeré kan gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọkàn rẹ̀ bá lù lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀jẹ̀ tó ń tì jáde kò kún ṣíbí tíì. Ẹran ọkàn ọmọ tuntun ṣì le, kò lè fẹ̀ bíi ti àgbà kó lè gba ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, bí ara bá ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀ sí i, ohun tí ọkàn rẹ̀ lè ṣe ni kó yára. Bí ọmọ tó ń fi agolo mílíìkì pọnmi kún àmù ló rí: agolo kò lè tóbi ju bó ṣe wà lọ, ẹsẹ̀ ló gbọ́dọ̀ yá. Ìdí nìyí tí ọkàn ọmọ tuntun fi ń lù ní nǹkan bí ìgbà 120 sí 160 ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tí ti àgbà tó jókòó jẹ́ẹ́ wà láàárín 60 sí 100.

Ìyẹn ló fà á tí ìlù ọkàn tó ń falẹ̀ fi ń ba ẹni tó mọṣẹ́ lẹ́rù ju èyí tó ń sáré lọ. Àgbà tó ń sá eré ìje lè ní ìlù 50, kó sì sùn kó máa hanrun. Ọmọ ọwọ́ tí tirẹ̀ bá já sí abẹ́ 60, tí wọ́n ti ń bá a fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú tí ẹ̀jẹ̀ kò sì kárí ara rẹ̀, ìlànà ni pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọn kì í dúró kí ọkàn dákẹ́ pátápátá. Ìlù tó ń sáré ní tirẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ tọ́ka sí ohun kan pàtó. Ibà ń mú ọkàn sáré. Ẹkún ń mú un sáré, ìrora ń mú un sáré, àìtó ẹ̀jẹ̀ náà ń mú un sáré. Kí nọ́ọ̀sì rí 170 lójú ẹ̀rọ, ìbéèrè ni, kì í ṣe ìdáhùn.

Bí ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde bá bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, ara ọmọdé kì í jẹ́ kí ìfúnpá tètè wálẹ̀. Á fún iṣan awọ pọ̀, á fún ti ìfun àti ti kíndìnrín pọ̀, kó lè fi èyí tó kù tọ́jú ọpọlọ àti ọkàn fúnra rẹ̀. Ọwọ́ á tutù, ẹsẹ̀ á tutù. Ìtọ̀ á dín kù. Ọmọ á máa yí kiri lórí ibùsùn tàbí kó kàn máa tòògbé, kó má fi bẹ́ẹ̀ dá ìyá rẹ̀ mọ̀. Ìfúnpá á sì wà níbi tó wà. Fún ọmọ ọdún kan sí mẹ́wàá, ìṣirò tí wọ́n ń kọ́ dókítà àti nọ́ọ̀sì ni pé kí wọ́n sọ ọjọ́ orí ọmọ di ìlọ́po méjì, kí wọ́n fi 70 kún un. Bí nọ́ńbà òkè ìfúnpá bá kéré ju iye yẹn, ó ti lọ sílẹ̀ jù. Ti ọmọ ọdún márùn-ún, 80 nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún márùn-ún tí tirẹ̀ já sí 75 lónìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sínú wàhálà ní ìṣẹ́jú yẹn. Ó ti pẹ́ tí ara rẹ̀ ti ń gbé e mọ́ra, agbára ló tán.

Nọ́ńbà yẹn gan-an sì lè má jẹ́ òótọ́. Aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá láti fi wọn ìfúnpá gbọ́dọ̀ bá apá mu. Bó bá kéré jù, nọ́ńbà á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Bó bá tóbi jù, á wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́ọ̀dù ọmọdé tó bá ní ìwọ̀n kan ṣoṣo, yálà ti ọmọ ọwọ́ tàbí ti àgbà, ń kọ irọ́ sínú fáìlì apá kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ lójoojúmọ́, láìmọ̀. Nǹkan tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ni aṣọ yìí, ó sì yẹ kí oríṣi mẹ́rin tàbí márùn-ún so rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Níbi tí agbára bá wà, wọ́n máa ń ki ọ̀pá rọ́bà tín-ín-rín bọ inú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọwọ́, kí ìfúnpá lè máa hàn lójú ẹ̀rọ bí ọkàn ṣe ń lù, láìdúró de ìgbà tí aṣọ á tún fẹ́.

Ìlà tó ń gbé ara rẹ̀ sókè sódò lójú ẹ̀rọ, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ nínú fíìmù, iná ọkàn ló ń kà. Willem Einthoven, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 1924. Iṣẹ́ ńlá ni, torí òun ló ń jẹ́ ká mọ̀ bí ìlù ọkàn bá ṣe ségesège. Ṣùgbọ́n kò sọ bí ọkàn ṣe lágbára tó. Iná lè máa lọ létòlétò nígbà tí ẹran ọkàn ti rẹ̀ débi pé ẹ̀jẹ̀ tó ń tì jáde kò tó ìdajì èyí tí ara ń fẹ́. Òbí tó jókòó tó tẹjú mọ́ ìlà yẹn láti àárọ̀ dalẹ́, tó ń dúpẹ́ pé kò tíì dúró, kò mọ̀ pé ohun tó ń wò kò lè sọ ìdajì ọ̀rọ̀ fún òun.

Ta ló wá lè sọ ọ́? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀pá rọ́bà tí Jeremy Swan àti William Ganz gbé jáde ní Los Angeles ní 1970 ni ìdáhùn. Bálúùnù kékeré wà ní ṣóńṣó rẹ̀. Wọ́n á kì í bọ inú iṣan, wọ́n á fẹ́ bálúùnù náà, ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn á sì gbé e gba inú ọkàn kọjá lọ sí iṣan ẹ̀dọ̀fóró. Swan sọ pé bí òun ṣe rí i tí atẹ́gùn ń gbé ọkọ̀ onígbòkun lọ lójú òkun ní Santa Monica ni èrò yìí ṣe wá sí òun lọ́kàn. Bí wọ́n bá ti dé ibẹ̀, wọ́n á fa omi tútù díẹ̀ sí i, wọ́n á wo bí ẹ̀jẹ̀ níwájú ṣe tutù tó àti bó ṣe pẹ́ tó kó tó móoru padà. Láti inú ìyẹn ni wọ́n á ti ṣírò iye ẹ̀jẹ̀ tó ń kọjá. Ohun tó fara jọ ọ́ ni wọ́n lò ní Guy's, àmọ́ inú iṣan itan ni wọ́n ti wọn tiwọn. Iṣan ọmọ ọwọ́ kéré, ọ̀pá tó ń gba inú ọkàn kọjá sì ní ewu tirẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ki bọ gbogbo ọmọ.

Síbẹ̀, ọ̀pá yẹn kọ́ wa ní nǹkan kan tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Ní 1998, Joseph Carcillo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Pittsburgh, ní Amẹ́ríkà, ṣe àkójọ ọmọ 50 tí kòkòrò àrùn ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn, tí wọ́n ti fa omi púpọ̀ sí lára, tí ara wọn kò sì dáhùn. Lójú, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Nígbà tí wọ́n wo inú, ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọkàn wọn kò ti ń tú ẹ̀jẹ̀ tó jáde. Ìdá 20 ni ọkàn tiwọn ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn iṣan ló ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àwọn ìdá 22 tó kù, ọkàn wọn kò lágbára, iṣan wọn náà sì dẹ̀. Ẹgbẹ́ mẹ́ta, ìtọ́jú mẹ́ta tó yàtọ̀. Oògùn tó ń fún iṣan pọ̀ lè gba ẹnì kan là nínú wọn, kó sì di ẹrù tí ọkàn ẹlòmíràn kò lè gbé. Ìpò ọmọ kan náà tilẹ̀ máa ń yí padà bí wákàtí ṣe ń lọ: èyí tó wà nínú ẹgbẹ́ kan láàárọ̀ lè ti bọ́ sínú òmíràn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Èmi rò pé gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Wíwo ọkàn lẹ́ẹ̀kan kò tó. Ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan ń yí ohun tí ọkàn ń ṣe padà, nítorí náà lẹ́yìn ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan ni ó yẹ kí wọ́n tún padà wò.

Ohun tó mú kí èyí ṣeé ṣe láìki nǹkan bọ ọmọ lára ni ẹ̀rọ tó ń fi ìró ya àwòrán ọkàn, èyí tí àwa ń pè ní sikáànù. Ní ìlú Lund, ní orílẹ̀-èdè Sweden, dókítà ọkàn kan tó ń jẹ́ Inge Edler ń wá bí òun ṣe lè mọ irú ìbàjẹ́ tó wà lára ilẹ̀kùn ọkàn kí wọ́n tó la àyà aláìsàn. Hellmuth Hertz, onímọ̀ físíìsì, gbọ́ pé wọ́n ń fi ìró yẹ irin wò níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Malmö, ó sì lọ yá ẹ̀rọ wọn. Ní October 1953 ni wọ́n fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rí ọkàn ènìyàn tó ń mì. Lónìí, òmíràn nínú rẹ̀ kéré débi pé ó ń bá fóònù ṣiṣẹ́. Dókítà tó kọ́ ọ á gbé e lé àyà ọmọ, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ á ti rí i bóyá ọkàn ń fún dáadáa, bóyá ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ kò tó tàbí ó ti kún àkúnjù, bóyá omi yí ọkàn ká tí kò jẹ́ kó fẹ̀, bóyá apá ọ̀tún ti wú nítorí ẹ̀dọ̀fóró tó ń ṣàárẹ̀. Ó gba ẹ̀kọ́ gidi o. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wò á rí òjìji dúdú àti funfun, á sì fi ìdánilójú sọ ohun tí kò sí níbẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn Great Ormond Street ní Lọ́ńdọ̀nù, Joe Brierley àti Mark Peters lo ìró bákan náà, àmọ́ kòtò ọrùn, lókè egungun àyà, ni wọ́n gbé tiwọn lé, láti fi wọn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yára jáde látinú ọkàn. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2008 wúlò fún gbogbo wọ́ọ̀dù. Àwọn ọmọ tó kó àrùn láti ilé, tí wọ́n gbé wá pẹ̀lú kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ọkàn wọn kò tú ẹ̀jẹ̀ tó jáde. Àwọn tó ti wà nílé ìwòsàn tẹ́lẹ̀, tí kòkòrò gba ara rọ́bà inú iṣan wọlé sí wọn lára, ní tiwọn, ọkàn wọn ń tú ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ jáde, iṣan wọn ló dẹ̀. Orúkọ àìsàn kan náà ló wà nínú fáìlì àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì.

Ọ̀nà mìíràn tún wà láti bi ọkàn léèrè, tí kò nílò àwòrán. Adolf Fick, ọmọ Jámánì, ti ṣàlàyé ìdí rẹ̀ láti 1870. Ẹ̀jẹ̀ ń kúrò lọ́kàn pẹ̀lú ọ́síjìn kíkún. Ara á yọ ìwọ̀n tó fẹ́, èyí tó kù á padà wálé. Bí ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ bá pọ̀ tó, nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ á ṣẹ́kù nínú èyí tó ń bọ̀. Bó bá jẹ́ ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ ló ń lọ, ara á fi ìwọra yọ ọ́síjìn inú rẹ̀, èyí tó máa padà dé ọkàn á dín kù gan-an. Ní São Paulo, ní Bùràsíìlì, Cláudio de Oliveira àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dán èyí wò nínú ìtọ́jú ọmọ 102 tí kòkòrò àrùn ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ìlànà kan náà ni wọ́n fi tọ́jú gbogbo wọn. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé fún ìdajì, wọ́n ń wo ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n sì ń tún ìtọ́jú ṣe títí á fi tó 70. Nínú ẹgbẹ́ tí wọn kò wò ó, ìdá 39.2 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú kí ọjọ́ 28 tó pé. Nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń wò ó, 11.8 ni. Ní wákàtí mẹ́fà àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ kejì yìí gba omi sí i, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ sí i, wọ́n sì gba oògùn tó ń fún ọkàn lágbára sí i, nítorí pé nọ́ńbà náà ń sọ fún dókítà pé iṣẹ́ kò tíì parí nígbà tí ojú ti rò pé ó ti parí.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ pé ìwádìí ńlá mẹ́ta tí wọ́n ṣe fún àgbà lẹ́yìn náà, ní Amẹ́ríkà, ní Ọsirélíà àti ní Ìlú Ọba, kò rí irú èrè bẹ́ẹ̀. Ọmọ 102 kò sì pọ̀. N kò ní í sọ fún ẹnikẹ́ni pé nọ́ńbà 70 jẹ́ idán. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé àwọn ènìyàn kan ní ìdí láti padà sẹ́bàá ibùsùn lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n sì padà.

Ìwádìí tó dun àwọn dókítà jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti ṣe é. FEAST ni wọ́n pè é. Kathryn Maitland, tó ti pẹ́ tó ti ń tọ́jú ọmọdé ní Kilifi ní Kẹ́ńyà, ló ṣáájú. Ilé ìwòsàn mẹ́fà ní Kẹ́ńyà, Ùgáńdà àti Tànsáníà ló kópa, pẹ̀lú ọmọ 3,141. Ara gbogbo wọn gbóná, àìsàn wọn le, àmì sì wà lára wọn pé ẹ̀jẹ̀ kò kárí. Ibà ẹ̀fọn ló ń ṣe èyí tó ju ìdajì wọn lọ. Àwọn tí ìgbẹ́ gbuuru ti fa omi ara wọn gbẹ kò sí nínú wọn, àwọn tí àìrí oúnjẹ jẹ ti sọ di eegun náà kò sí níbẹ̀. Ilé ìwòsàn wọ̀nyí kò ní wọ́ọ̀dù ìtọ́jú àkànṣe, wọn kò ní ẹ̀rọ tó ń bá ni mí. Ohun tí ìwé ìṣègùn àgbáyé ń sọ nígbà yẹn ni pé kí wọ́n yára fa omi púpọ̀ sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lára. Maitland àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ mọ̀ bóyá èyí ń gba ẹ̀mí là lóòótọ́. Wọ́n pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà mẹ́ta: ẹgbẹ́ kan gba omi iyọ̀ kíákíá, ẹgbẹ́ kan gba omi tó ní albumin nínú kíákíá, ẹgbẹ́ kẹta gba dírípù díẹ̀díẹ̀ nìkan.

Ní January 2011, àwọn tó ń ṣọ́ ìwádìí náà ní kí wọ́n dá a dúró. Láàárín wákàtí 48, ìdá 7.3 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti kú nínú ẹgbẹ́ tó ń gba dírípù díẹ̀díẹ̀. Nínú àwọn tó gba omi kíákíá, 10.6 àti 10.5 ni. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, bíi mẹ́ta sí i ló kú nítorí ìtọ́jú tí gbogbo ènìyàn gbà pé ó dára.

Apá tó yẹ kí a dúró lé lórí ni èyí: ní wákàtí àkọ́kọ́, ara àwọn tó gba omi kíákíá tilẹ̀ jọ pé ó ń yá ju ti àwọn yòókù. Ọwọ́ ń móoru, ẹ̀jẹ̀ ń padà sí awọ. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ ní wákàtí yẹn á ní omi ń ṣiṣẹ́. Gbogbo wa la kọ́kọ́ rò pé ẹ̀dọ̀fóró tó kún fún omi tàbí ọpọlọ tó wú ló pa àwọn tó kú. Nígbà tí àwọn olùwádìí tún gbogbo àkọsílẹ̀ yẹ̀ wò, tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2013, ohun tí wọ́n rí ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú àfikún ikú yẹn, ọkàn àti ìṣàn ẹ̀jẹ̀ ló já wọn kulẹ̀. Àmì tó dára ní wákàtí kìíní kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni.

Inú mi kì í dùn tí mo bá gbọ́ tí wọ́n fi FEAST ṣe ẹ̀rí pé omi burú. Ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ti gbẹ ṣì nílò omi kíákíá, ẹni tó bá fi dù ú ń pa á ni. Ohun tí FEAST sọ ni pé fífa omi púpọ̀ kíákíá níbi tí kò sí ohun tí wọ́n lè fi wo bí ọkàn ṣe gbà á, tí kò sì sí ohun tí wọ́n lè ṣe bó bá kọ̀ ọ́, léwu. Ìlànà àgbáyé tó jáde ní 2020 fún ọmọdé tí kòkòrò àrùn wọ ẹ̀jẹ̀ wọn ti gba èyí wọlé: níbi tí kò bá sí ìtọ́jú àkànṣe, tí ìfúnpá ọmọ kò sì tíì wálẹ̀, kí wọ́n má fa omi púpọ̀ kíákíá sí i lára, níbi tí ìtọ́jú àkànṣe bá wà, kí wọ́n máa fún un ní ìwọ̀n mílílítà 10 sí 20 fún kílò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n dúró wò ó, kí wọ́n tó fún un ní òmíràn. Ìlànà yẹn kan náà sọ ohun tí Guy's ti sọ ní 1997: kí dókítà má fi àmì ara nìkan pín ọmọ sí ẹgbẹ́ olọ́wọ́ tútù àti ẹgbẹ́ olọ́wọ́ gbígbóná.

Nílé wa ńkọ́? Wọ́ọ̀dù ìtọ́jú àkànṣe tó jẹ́ ti ọmọdé nìkan kò pọ̀ ní Nàìjíríà, àwọn tó wà kò sì sún mọ́ ọ̀pọ̀ ilé. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé ìwòsàn 12 ní ìwọ̀ oòrùn gúúsù fi hàn mí pé kò dìgbà tí a bá kọ́ ààfin. Àwọn dókítà láti ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégòkè Fálàdé wà lára wọn, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Melbourne, gbé ẹ̀rọ kékeré tó ń há mọ́ ìka lọ sí àwọn ilé ìwòsàn yìí, èyí tó ń sọ iye ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ àti bí ọkàn ṣe ń lù. Wọ́n kọ́ nọ́ọ̀sì bí wọ́n ṣe ń lò ó fún gbogbo ọmọ tó bá wọlé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún ètò ọ́síjìn fúnra rẹ̀ ṣe. Ní 2019 ni èsì jáde. Láàárín àwọn ọmọ tí òtútù àyà ń ṣe, ìgbà tí ẹ̀rọ ìka di àṣà ojoojúmọ́ ni ikú dín kù jù. Ètò ọ́síjìn ńlá tó tẹ̀ lé e kò fi bẹ́ẹ̀ fi kún un. Wíwò ló ṣe é. Nọ́ọ̀sì tó mọ ọmọ tó nílò ọ́síjìn ló gbé e fún un.

Ẹ̀rọ ìka náà kò pé o, ó sì kan àwa aláwọ̀ dúdú ní pàtó. Takuo Aoyagi, ọmọ Jàpáànù, ló wá ọ̀nà rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970: iná ń gba inú ìka kọjá, ẹ̀rọ á sì wo àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ tó ń lù. Ní December 2020, àwọn dókítà ní Michigan tẹ̀ ẹ́ jáde pé láàárín àwọn àgbà tí ẹ̀rọ sọ pé ọ́síjìn wọn wà láàárín 92 sí 96, ìdá 11.7 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn aláwọ̀ dúdú ni ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà yẹ̀ wò fi hàn pé tiwọn kò tó 88 rárá. Láàárín àwọn aláwọ̀ funfun, 3.6 ni. Bí ọwọ́ ọmọ bá sì ti tutù nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kò kárí, ẹ̀rọ náà lè má rí ìlù tó máa kà rárá. Kí ẹ̀rọ má rí nǹkan kà yẹn gan-an, ìròyìn ni. Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ kì í kàn gbé e sí ìka mìíràn kó máa lọ; á wo ọmọ náà.

Bí ẹni tó ń ṣe ètò ìnáwó ilé ìwòsàn ìpínlẹ̀ bá bi mí, mi ò ní í kọ́kọ́ dárúkọ ẹ̀rọ tó ń bá ni mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni àwọn olóṣèlú fẹ́ràn láti yà fọ́tò níwájú rẹ̀. Mo máa ní kó ra ẹ̀rọ ìka tó ní ohun ìháka ti ọmọdé, aṣọ ìfúnpá ní oríṣiríṣi ìwọ̀n, ohun tí wọ́n fi ń wọn ìtọ̀, àti sikáànù alágbèéká kan fún wọ́ọ̀dù, pẹ̀lú owó tí wọ́n fi máa kọ́ dókítà méjì tàbí mẹ́ta bí wọ́n ṣe ń fi wo ọkàn. Kó ra bátìrì tó máa gbé wọn nígbà tí iná bá lọ. Lẹ́yìn náà, kó gba nọ́ọ̀sì. Kíndìnrín tó ń rí ẹ̀jẹ̀ gbà máa ń ṣe ìtọ̀ tó bíi mílílítà kan fún kílò kọ̀ọ̀kan ní wákàtí kan, ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tó máa wọ̀n ọ́n. Bí omi bá ti pọ̀ ju ohun tí ọkàn lè gbà lọ, ẹ̀dọ̀ ọmọ á wú wá sísàlẹ̀ egungun ìhà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹnì kan ló máa kàn án. Àsíìdì tó ń jẹ́ lactate á máa ga sí i nínú ẹ̀jẹ̀ bí ọ́síjìn kò bá dé inú ara, àmọ́ nọ́ńbà kan kò wúlò tó méjì: èyí tí wọ́n yẹ̀ wò láàárọ̀, àti èyí tí wọ́n yẹ̀ wò lẹ́yìn ìtọ́jú. Nọ́ọ̀sì kan tó ń tọ́jú ọmọ mẹ́wàá lóru kò lè ṣe èyí, bó ti wù kí ọkàn rẹ̀ dára tó.

Òbí náà ní ohun tó lè ṣe níbẹ̀. Ìyá ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ pé ọmọ òun kò wo òun bó ṣe ń wo òun tẹ́lẹ̀, pé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó móoru láàárọ̀ ti tutù. Kó sọ ọ́. Bí wọ́n bá dá a lóhùn pé, "Màmá, ìfúnpá ẹ̀ dára," kó má tìtorí ìyẹn dákẹ́. Ó lè fi ọ̀wọ̀ béèrè pé, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ju wa lọ, àmọ́ látìgbà tí ẹ ti fún un lómi yẹn, ṣé ẹ ti padà wo ọkàn ẹ̀? Kí lẹ rí? Ìgbà wo lẹ tún máa wò ó?" Wọ́ọ̀dù tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ á ní aago tó máa dá a lóhùn, á sì ní ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú fáìlì pé òun ló máa wò ó.